Ìyá Ọkọ Rẹ Ni Kí O Gbé Búrọ́ọ̀ṣì Fún

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ní àràárọ̀, kí àwọn ará ọgbà wa ní Ajah tó jí, mo máa ń gbé àpótí kékeré mi lọ sí ẹ̀bá ẹ̀rọ omi, màá sì jókòó. Mo máa ń kọ́kọ́ fi omi yọ ẹnu. Lẹ́yìn náà, màá mú orín àtà, màá run ún jẹ́jẹ́ títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ́ bí ọwọ̀, tí yóò sì máa ta mí láhọ́n. Eyín ìsàlẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, láti inú síta, kí n tó bọ́ sí tòkè. Tí mo bá ti tu èyí dànù, màá fi ọṣẹ sí búrọ́ọ̀ṣì, màá tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Mo máa ń tu ìfófòó ọṣẹ náà dànù, ṣùgbọ́n n kì í fi omi ṣan án mọ́, kí oògùn inú ọṣẹ lè dúró pẹ́ lára eyín. Níkẹyìn, màá fi ahọ́n wo ẹ̀yìn eyín kọ̀ọ̀kan, bí afọ́jú ṣe ń fi ọwọ́ wo ojú ẹni tó fẹ́ràn. Ibi tó bá ń yọ̀, ó ti mọ́ nìyẹn. Ibi tó bá rí bí ara aṣọ, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Tí ahọ́n mi bá dé àlàfo apá ọ̀tún, níbi tí eyín kan ti kúrò láti ìgbà èwe mi, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó kọjá.

Káfíńtà tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́nà Lẹ́kkí Free Zone, ló máa ń kọ́kọ́ jáde bá mi. "Mọ́mì Sítúdẹ́ǹtì," á ní, "ẹ rọra o! Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ gbẹ́, kí lẹ máa fi jẹran?" Màá rẹ́rìn-ín, màá wọlé. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí mo dé ìlú yìí, òun nìkan lẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí tí màá fi dé kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ olùtọ́jú eyín. Tí mo bá sì dé kíláàsì, ìjókòó ẹ̀yìn ni tèmi, láàárín àwọn ọmọ tí mo bí irú wọn.

Orí àpótí yẹn náà ni mo wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí o pè. O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ akọ̀wé, pé Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀. Mo dìde jó, omi ọṣẹ ṣì wà lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màámi, eyín Tiwa ọmọ mi ní funfun kan bí ẹfun, lókè, níbi tó ti yọ jáde látinú èrìgì. Màmá ọkọ mi ní kòkòrò ni. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní àdúgbò tó máa ń yọ ọ́, Sátidé làwọn máa gbé e lọ. Ọkàn mi ò gbé e. Àmọ́ àwọn náà ló máa tọ́jú ọmọ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí mo bá ní rárá, tí wọ́n ní kí n máa gbé ọmọ mi dání, kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Mo ní màá pè ọ́ padà, n kò pè. O mọ ìyá rẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, ohùn mi á sá wọ inú ikùn lọ. Ìwé ló máa ń gbà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gùn báyìí. Màá ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ lọ́sàn-án yìí.

Ìdáhùn mi rèé, kí o má baà máa wá a kiri: Tiwa kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. Màmá ọkọ rẹ náà ni yóò sì tọ́jú rẹ̀. Méjèèjì ṣeé ṣe pọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti fi ojú ara mi rí i, ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi máa dùn bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ohun àkọ́kọ́: mọ ẹni tí ò ń bá jà. Ẹni tí kò mọ olè tó wọlé òun, ọmọ ilé ni yóò máa nà.

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge ní Ìgbẹ́tì, eyín kan dà mí láàmú. Kò sẹ́ni tó rán mi, èmi fúnra mi ni mo gba ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń yọ kòkòrò eyín lọ. Ó sun èso kan lórí ẹyín iná, ó da aṣọ bò mí lórí, ó ní kí n lanu sí èéfín náà. Ẹnu mi kún fún itọ́, ojú mi ń tú omi. Nígbà tó ṣí aṣọ, ó gbé àwo omi kan sí iwájú mi, àwọn nǹkan funfun wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

"Ṣé o rí wọn?"

"Mo rí wọn, mà." Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́!

Ìrora náà lọ lóòótọ́. Èmi kò mọ̀ pé eyín náà ló kú. Nígbà tí ìrora máa padà dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bí ẹni tó fi ọsàn sẹ́nu. Bí mo ṣe pàdánù eyín ọ̀tún yẹn nìyẹn, tí mo sì fi ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí di àìpẹ́ yìí. Dókítà tó ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ olùtọ́jú eyín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye: inú èso tí wọ́n sun ni àwọn nǹkan funfun náà ti jáde. Kò sí ìdin kankan tó ń gbé inú eyín ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kòkòrò wà o. Àwọn àgbà kò purọ́ níbẹ̀. Bó ṣe rí gan-an ni wọn ò mọ̀, nítorí ojú lásán kò lè rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá, a ha èérí funfun rírọ̀ láti ẹ̀yìn eyín ara wa, a fi kun gíláàsì pẹlẹbẹ, a fi aró rẹ ẹ́, a gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ara wọn níbẹ̀. Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ jẹun, kí n tó yọ́ lọ síbẹ̀, kí n tó gbé ojú lé e. Àbẹ̀kẹ́! Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo rí. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ àlùkò róbótó-róbótó, tí wọ́n so mọ́ra wọn ní okùn-okùn, àwọn mìíràn gùn bí ọ̀pá láàárín wọn. Mo kígbe, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀.

Dókítà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ rí, mà?"

"Àwọn ará ilé mi ni, Dókítà. Mo ti ń bọ́ wọn tipẹ́, a ò tíì pàdé rí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ orúkọ mi.

Oríṣiríṣi ló wà nínú wọn o, èyí tó pọ̀ jù kò sì ń ṣe wá níbi. Ọ̀kan ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Orúkọ tó ní nínú ìwé ni Streptococcus mutans. Mútáǹsì ni àwa ń pè é. O kò lè fi ojú yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, àfi tí wọ́n bá gbìn ín sínú àwo oúnjẹ aládùn, kó wá hù ní òkìtì kéékèèké bíi ṣúgà tó dì. Kì í sábà sí lẹ́nu ọmọ tí kò tíì hu eyín, torí ohun líle ló fẹ́ràn láti dúró lé. Tí eyín bá ti ń yọ, àyè ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Itọ́ àwa tó ń tọ́ ọmọ ló sì sábà máa ń gbé e wá: ṣíbí tí a tọ́ wò, ẹran tí a bá ọmọ rún.

Tí mútáǹsì bá rí ṣúgà, á fi apá kan ṣe àtè, irú àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ, á fi lẹ̀ mọ́ eyín pinpin. Á jẹ apá kejì, á sì ya omi kíkan sílẹ̀. Omi kíkan yẹn ló ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Àwọn aládùúgbò rere wà lẹ́nu tó máa ń bá a jà, àwọn kan tilẹ̀ ń pèsè oògùn tí kì í jẹ́ kó ráyè. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fara da kíkan bíi tirẹ̀. Ẹnu tó bá ń rí dídùn ní gbogbo ìgbà, àwọn ẹni rere á máa dín kù níbẹ̀, òun á máa pọ̀ sí i. Ọmọ inú VGC, ọgbà àwọn olówó, tó ń mu júùsì nínú ọkọ̀ onígíláàsì dúdú, àti ọmọ Elékò tó ń mu ẹ̀kọ aláṣúgà lábẹ́ igi àgbọn, mútáǹsì kò bi wọ́n ní géètì tí wọ́n gbà wọlé.

Ìròyìn ayọ̀ wá rèé. Itọ́ ń bẹ lẹ́nu. Itọ́ máa ń fọ kíkan náà dànù, á sì dá ohun tí eyín pàdánù padà fún un, tí a bá ti fún un láyè láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn. Tí a bá sùn, itọ́ máa ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ìgò ẹ̀kọ aládùn tí Tiwa fi ń sùn ṣe burú ju ṣúgà tó jẹ lọ́sàn-án lọ. Funfun bí ẹfun tí o rí yẹn, ó jọ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ òun, tí kò tíì di ihò, ó ṣì lè dúró, eyín náà sì lè tún le. Ìpẹ̀kun ayé kọ́ ló dé, ọmọ mi. Ìkìlọ̀ tó tètè dé ni.

Ohun kejì ni bí o ṣe máa bá àwọn àgbà sọ ọ́. Ibí ni mo ti fẹ́ mú ọ dé Elékò, abúlé apẹja létí òkun.

Wọ́n kó wa lọ síbẹ̀ láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ojú omi wà lórí iyanrìn, àwọn obìnrin ń yan ẹja. Èmi ni mo gbé àtẹ irinṣẹ́ dúró sẹ́yìn, torí ẹni tó bá gbé ẹrù, wọn kì í ní kó sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣùbú ń fún ọmọ-ọmọ wọn lẹ́kọ. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, sùtánà wọn ń fẹ́ lórí okùn. Wọ́n á bu ẹ̀kọ, wọ́n á fi ṣíbí sẹ́nu tiwọn kó lè tutù, wọ́n á wá fi sẹ́nu ọmọ. Bísọ́lá, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa tó mọ̀wé dáadáa, sáré lọ bá wọn.

"Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o! Kòkòrò wà lẹ́nu yín, ẹ ń kó o ran ọmọ."

Ìyá Ṣùbú gbé ṣíbí dúró sófuurufú. "Ẹnu ta ni?"

"Ẹnu yín, mà."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ọmọ àná tó ń sọ pé ẹnu tí mo fi tọ́ bàbá ọmọ yìí, tí mo fi ń gbàdúrà fún odindi ìjọ, kòkòrò ló wà níbẹ̀! Ìwọ tí ò ń jẹ gọ́ọ̀mù ṣápáṣápá bí ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé, ẹnu tìrẹ ńkọ́?"

Gbogbo àwọn tó ń yan ẹja bú sẹ́rìn-ín. Bísọ́lá gbé gọ́ọ̀mù mì. Àwọn ìyá kan ti ń dìde láti máa lọ. Dókítà wò yíká, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára mi, èmi tí mo wà lẹ́yìn bí ẹni tó bá ọkọ̀ wá lásán.

Àbẹ̀kẹ́, n kò mọ ohun tó tì mí síwájú. Mo gbé àtẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọmọ náà á tọ́jú yín o."

"Àṣẹ. Ìwọ lo mọ̀wà."

A ní hóró oògùn kan tó máa ń pa èérí eyín láró pupa. Mo mú ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ níwájú wọn, mo tutọ́ dànù, mo wá la ẹnu mi, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti ń fi ọwọ́ bò láti ìgbà èwe.

"Yéè!" Ìyá Ṣùbú na ìka. "Ẹ wá wò ó! Bí ẹni tó fi ẹnu gún osùn!"

"Ibi tó pupa yẹn ni kòkòrò mi wà, mà. Láàárọ̀ yìí náà ni mo sì fọ ẹnu. Ẹnu gbogbo wa ló wà."

"Ó wà? N kò rí ohun tó ń rìn níbẹ̀."

"Kò lẹ́sẹ̀, mà."

"Kò lẹ́sẹ̀. Ó lójú?"

"Kò ní."

"Ẹnu ńkọ́?"

"Kò lẹ́nu, mà, ṣùgbọ́n ó ń jẹun."

Ìyá Ṣùbú rẹ́rìn-ín títí ọmọ orí ẹsẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Ó jọ àna mi kan. Ó dáa, mú ọ̀kan wá fún èmi náà." Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gba dígí, wọ́n wo ẹnu wọn pẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Nítorí náà, ẹ ní kí n má fún ọmọ mi lóúnjẹ mọ́?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni màmá ọkọ rẹ máa bi ọ́, bí wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíbí rárá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé ọmọ náà ṣì jẹ́ tàwọn.

Mo ní, "Ta ni ìbá tún fún un, mà? Ṣíbí tiyín lọ́tọ̀, tirẹ̀ lọ́tọ̀; ẹ kán ẹ̀kọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ kí ẹ mọ̀ bó ti gbóná tó. Ṣùgbọ́n a ní iṣẹ́ kan tí a ń wá àgbà fún. Ọmọdé kì í gbà fún ìyá rẹ̀ láti fọ eyín òun. Ìyá ń kánjú, ọmọ ń sunkún. Orí ẹsẹ̀ àgbà nìkan ni ọmọ ti máa ń dákẹ́." Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan lé wọn lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ni ọ̀gá búrọ́ọ̀ṣì ní Elékò."

Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbàdúrà sí i. Àwọn ìyá tó ti dìde tẹ́lẹ̀ padà jókòó.

Ìgbà tí a tún lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni kí o wá rí! Ìyá Ṣùbú jókòó sórí ìdí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn ọmọdé yí wọn ká, orí ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Bí Bísọ́lá ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, wọ́n na búrọ́ọ̀ṣì sí i. "Dúró, Onígọ́ọ̀mù. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Òun náà kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà yẹ eyín ọmọ-ọmọ wọn wò. Funfun bí ẹfun tí ó rí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí kò dán, ti ń dán báyìí, ó ti ń yọ̀. "Ó ti dúró," ni Dókítà wí. "Ó ti dúró, mà!" Àwọn obìnrin pa àtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó ní òórùn ẹja. Nínú ọkọ̀ tí a bá padà sí Ajah, iwájú ni wọ́n fi mí sí, orin ni a kọ délé.

Nítorí náà, ọmọ mi ọ̀wọ́n, má ṣe sọ fún màmá ọkọ rẹ pé ẹnu wọn dọ̀tí. Má sì rán ọkọ rẹ sí wọn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o kúnlẹ̀, kí o ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e sẹ́sẹ̀, torí tí kò bá rí yín kò ní lanu." Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pé kì í ṣe èéfín ló ń wò ó. Ọṣẹ tó ní fulóráìdì ni kí ẹ máa lò, kò gbọdọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ, láàárọ̀ àti kó tó sùn. Lẹ́yìn ti alẹ́, omi lásán ni. Tó bá ń sunkún ìgò, kí màmá gbé e pọ̀n. Ẹ̀yìn wọn dùn ju ṣúgà lọ.

Mo fẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ! Ìwọ náà máa di àlejò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, o sì jọ mí, o máa ń wá ìjókòó ẹ̀yìn. Ohun kan wà tí mo kọ́ lára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Eyín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kì í wà lófìfo pẹ́. Itọ́ á kọ́kọ́ fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, àwọn aṣáájú á di awọ yẹn mú, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì di àwọn aṣáájú mú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dé lẹ́yìn kò lè fi ara wọn lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n ń dì mú. Nígbà tí mo dé Ajah, mo fẹ́ di gbogbo ìlú mú lẹ́ẹ̀kan, n kò rí ohunkóhun dì. Ìgbà tí mo dá káfíńtà yẹn lóhùn, tí mo ní, "Èrìgì ni màá fi jẹran," ni ìyàwó rẹ̀ jáde wá wo ẹni tó sọ ọ́. Èmi àti obìnrin náà la jọ ń jẹun ní Sọ́ńdè báyìí. Wá ẹnì kan, kó o kí i pẹ̀lú orúkọ. Ó tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Má sì bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi ti ṣíwọ́ rẹ̀.

Lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì, màá jókòó sórí àpótí mi, màá pe àna mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, àwọn ló máa ń pè mí; "ẹ ṣé, mà, ẹ ṣé, mà" ni mo máa ń dá wọn lóhùn títí wọ́n á fi dágbére. Lọ́la, èmi ni màá pè. Màá kí wọn kú ìtọ́jú ọmọ, màá ròyìn Elékò fún wọn títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, màá wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi gba iṣẹ́ ọ̀gá búrọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Láti ibẹ̀, màá gba gáréèjì lọ fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo rà fún wọn ránṣẹ́: orí rẹ̀ kéré, ọwọ́ rẹ̀ nípọn kí àgbà lè rí i dì mú. Mo ti kọ orúkọ sí i lára. Orúkọ tiwọn ni mo kọ, kì í ṣe ti Tiwa.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín.